Omi tí kì í gbẹ mọ́: ìrírí aláròóbọ̀ ẹja kan ní Nguru

Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. Nguru ní ìpínlẹ̀ Yobe ni mo ti ń kó o, ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ló ń balẹ̀ sí. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà, láyé ìgbà tí rélùwéè ṣì ń kó èrò àti ẹrù láti Kano wá sí Nguru, ibi tí ojú irin náà parí sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ẹ sì kúkú mọ̀ wá: kò sí ibi tí rélùwéè dé lókè Ọya tí ẹ kò ní bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti tẹ́ ìsọ̀ síbẹ̀. Hausa ni mo fi ń ná ọjà, Yorùbá ni mo fi ń ka owó. Àwọn apẹja ń pè mí ní Hajiya, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fojú kan Mẹ́kà.

Àwọn oníbàárà mi ní Ìbàdàn kì í yé béèrè ìdí tí ẹja Nguru fi ń kéré sí i, tí owó rẹ̀ sì ń lé. Wọ́n á ní epo ọkọ̀ ni, wọ́n á ní wàhálà Boko Haram ni. Àwọn yẹn lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Yobe ni ẹja ti ń dín nínú apẹ̀rẹ̀ wa. Koríko kan ló wà nídìí rẹ̀, dáàmù méjì ló sì wà nídìí koríko náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ibẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Odò Hadejia ń ti apá Kano bọ̀, odò Jama'are ń ti ẹ̀gbẹ́ òkè Jos bọ̀. Kí àwọn méjèèjì tó pàdé, kí wọ́n tó di odò Yobe tó forí lé adágún Chad, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, omi kò sì ní ojú ọ̀nà kan pàtó. Ó ń tàn káàkiri láàárín Hadejia, Nguru àti Gashua: adágún níhìn-ín, odò tóóró lọ́hùn-ún, àkùrọ̀ lọ salalu. Fàdámà ni Hausa ń pè é. Gbogbo àyíká rẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò ń rọ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó parí nìyẹn. Yanrìn àti ọyẹ́ ló kù.

Omi kan náà ni gbogbo wa ń pín lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe lásìkò kan náà. Bí odò bá kún láti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ìrẹsì ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀, ẹja sì ń lọ yé sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Bí omi bá ń fà, àwọn apẹja á kó tiwọn nínú àwọn kòtò tí ẹja há sí. Ibi tí omi bá ti fà kúrò, àgbẹ̀ á gbin ẹ̀wà sínú ọ̀rinrin tó kù. Lẹ́yìn ìkórè, Fúlàní á kó màlúù wọlé wá jẹ koríko tútù tí kò sí níbòmíràn láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga wa náà ń mu níbẹ̀, nítorí omi tó tẹ́ sórí ilẹ̀ yẹn ló ń rìn wọ abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ẹyẹ ní tiwọn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó àti àkọ̀ ń fò láti Yúróòpù, wọ́n ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àkùrọ̀ wa sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń rí omi tó tó wọn. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi forúkọ adágún Nguru àti odò Marma sílẹ̀ ní 2000 lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ olómi. Apá kan nínú ilẹ̀ náà tún wà lábẹ́ Chad Basin National Park. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá bá ìyá wa lọ sétí omi lásìkò ọyẹ́, ariwo ẹyẹ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa.

Wọ́n parí dáàmù Tiga ní 1974, wọ́n sì parí ti Challawa Gorge ní 1992, méjèèjì ní Kano, lórí àwọn odò tó ń bọ́ Hadejia. N kò ní sọ pé wọn kò wúlò. Kano gbọ́dọ̀ rí omi mu. Oko ìbomirin tó wà ní Kura àti Bunkure ń mú ìrẹsì, àlìkámà àti tòmátì jáde láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, irú tòmátì yẹn náà ló ń wọ Mile 12 l'Ékòó. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wó dáàmù kò mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí dáàmù ṣe ni pé ó yí ìṣe odò padà. Tẹ́lẹ̀, odò Hadejia máa ń ya bo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn náà á gbẹ. Gbígbẹ tí mo wí yìí, kì í ṣe pé ó dín kù o. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tutù. Lẹ́yìn dáàmù, ìkún omi ńlá náà kéré, nítorí wọ́n ti dá a dúró lókè. Ṣùgbọ́n omi díẹ̀díẹ̀ wá ń ṣàn wálẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ìgbà tó yẹ kí omi pọ̀, kò pọ̀ tó. Ìgbà tó yẹ kó gbẹ, kò gbẹ. Ìyá mi sọ fún mi pé inú àwọn ènìyàn dùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀: omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Kachalla ni inú rẹ̀ dùn jù.

Koríko ni kachalla, ó ga ju ènìyàn lọ, inú omi tí kò jìn ló ń dúró sí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Typha. Orí rẹ̀ rí gbọọrọ, ó ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá gbó, á fọ́n ká, irúgbìn inú orí kan ṣoṣo sì lè lé ní 100,000, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa gbé e kiri. Lábẹ́ ẹrẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn gbalaja, ibi tó bá dé ló ń yọ ọmọ sí.

Kì í ṣe àlejò. Ibí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí èyí tí mo ń gbọ́ lórí rédíò. Ewéko tó ń léfòó tó bo ọ̀sà l'Ékòó, Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ó gba Badagry wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Benin ní 1984. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo wa láti 2016, Amẹ́ríkà ló ti wá. Èyí tó run tòmátì Kaduna àti Kano lọ́dún 2016 yẹn kan náà, tí àwọn ènìyàn sọ ní Ẹ́bólà tòmátì, Gúúsù Amẹ́ríkà ni tiẹ̀ náà ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìwọ̀nyí á rò pé gbogbo ohun tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ ló ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Kachalla kò ní. Àwọn àgbà Nguru bá a nílẹ̀, wọ́n ń fi hun ẹní, wọ́n ń fi ṣe ọgbà. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kápá rẹ̀: omi á gbẹ, òun náà á gbẹ, màlúù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iná á jó o, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù di òjò mìíràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi tí kì í gbẹ yìí ni ẹnu tí ògiri tiwa là.

Etí odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Yanrìn àti ẹrẹ̀ tí omi ń gbé bọ̀ á há sí ìdí rẹ̀, ìsàlẹ̀ odò á ga sí i, omi kò ní jìn mọ́, kachalla á sì tún sún síwájú. Bí ojú odò ṣe dí nìyẹn. Ẹ̀ka tó yẹ kó gbé omi lọ sí ọ̀nà Gashua kò rọ́nà gbé e lọ mọ́, omi wá ń ya sí ẹ̀ka Marma, ó ń bọ̀ wá sí adágún Nguru. Mo mọ abúlé méjì tí kò jìnnà síra, ọ̀kan ń bẹ Ọlọ́run kí omi dé, èkejì ń bẹ̀ ẹ́ kí omi lọ. Ní 2022 tí ìkún omi wó ilé tó sì gba ẹ̀mí ní Jigawa, òjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi. Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odò tí koríko ti dí ní ọ̀fun, ibo ni yóò gbé òjò náà sí?

Ti ẹja ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Nígbà ayé ìyá mi, bí a bá tú ẹrù sílẹ̀ láti ṣà á, oríṣiríṣi ló ń jáde: ẹpìyà tó fẹ̀, àrọ̀, àwọn onípẹ̀ẹ́ ńlá, àwọn ẹlẹ́nu gígùn tí àwa ọmọdé máa ń jà sí nítorí a fẹ́ fi ṣeré. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Hausa nìkan ni mo ti gbọ́ orúkọ wọn rí. Lónìí, àrọ̀ ni mo ń bá lókè apẹ̀rẹ̀, àrọ̀ ni mo ń bá nísàlẹ̀, tí wọ́n ti ká, tí wọ́n fi igi gún ìrù mọ́ orí. Ẹpìyà díẹ̀ á wà láàárín wọn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Bàbá apẹja kan tó ti ń tajà fún wa láti ìgbà ìyá mi ló là á yé mi, lọ́jọ́ tí mo ń kanra mọ́ ọn pé ẹja kéékèèké ló ń kó fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹja kì í yé sínú kachalla. Koríko tó rọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ni àrọ̀ ń yé sí, ìkún omi ló sì ń fún wa ní irú koríko bẹ́ẹ̀. Ẹpìyà ní tiẹ̀ ń gbẹ́ ilé rẹ̀ síbi tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn ń tàn dé." Ó ní kachalla ti gba oòrùn mọ́ omi lọ́wọ́, èyí tó bá kú nínú rẹ̀ á jẹrà síbẹ̀, omi á dúdú, á máa rùn, ẹja kò sì ní rí afẹ́fẹ́ mí. Àrọ̀ nìkan ló ń rọ́jú, nítorí òun lè yọrí sókè láti mu afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ àlàyé yìí kan náà lẹ́nu ọmọ yunifásítì kan. Tiẹ̀ gùn púpọ̀. Ti bàbá yìí ló yé mi.

Ọkọ̀ ojú omi náà kò rọ́nà gbà mọ́, àwọ̀n ń há, ìgèrè ló kù tí ọ̀pọ̀ wọn ń dẹ sétí koríko. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ dé àárín adágún tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń dúró létí omi.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi ẹja odò sílẹ̀, kí n máa ra ẹja ọ̀sìn láti Kano. Mo ń rà á, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń sin ẹja léèrè ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Oúnjẹ ẹja ni, àpò lórí àpò. Bí dọ́là bá gbéra, oúnjẹ ẹja á gbéra. Ó tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti fa omi, ó ń ra oògùn, ó ń sanwó fún ẹni tó ń pààrọ̀ omi. Ní àkùrọ̀ Nguru, ta ló bọ́ ẹja tí ìyá mi tà fi tọ́ wa? Ta ló pààrọ̀ omi wọn? Iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ la wá ń fi owó rà báyìí, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé owó nígbà tó ń ṣe é.

Àwọn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti kọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Edward Barbier, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ohun tí omi ń mú wọlé bí ó bá ya bo àkùrọ̀ láàárín Hadejia àti Nguru: irè oko, ẹja, igi ìdáná. Wọ́n fi í wé ohun tí omi ń mú wọlé ní oko ìbomirin Kano. Àkùrọ̀ ló borí, ó sì borí jìnnà. Dáàmù Challawa parí ní àsìkò yẹn náà. Kò jọ pé ẹni tó ń ka ìwé àti ẹni tó ń da kọnkéré ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ti ẹyẹ ló yà mí lẹ́nu jù. Omi gbalasa tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ń bà lé ti di igbó kachalla, wọ́n sì ń dín lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹyẹ mìíràn rí ilé. Jan baki ni Hausa ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ tó pupa. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni. Inú kachalla ni wọ́n ń sùn lóru, níbi tí kànnàkànnà ọmọdé kò lè dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oko ìrẹsì, jéró àti àlìkámà ni wọ́n ń forí lé. Ẹyọ kan kì í jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ lóòjọ́. Mílíọ̀nù kan nínú wọn á jẹ tọ́ọ̀nù 10, ìyẹn 100 àpò oníkílò 100, lọ́jọ́ kan péré, agbo wọn a sì máa ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìjọba a máa fi bàálù fọ́n oògùn sí wọn. Oògùn kì í mọ ẹyẹ tó jẹ̀bi. Bí ó bá sì pa gbogbo wọn lóru kan, ibùsùn wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn á wá sùn síbẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé onírúurú ohun ẹlẹ́mìí ń tán lọ, n kì í fojú inú wo ilẹ̀ tó ṣófo. Nguru kò ṣófo. Ó kún bámúbámú. Koríko kan ló kún un, ẹyẹ kan, ẹja kan.

Ti Fúlàní, n kò fẹ́ fà á gùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Màlúù kì í jẹ kachalla tó ti gbó. Koríko burugu tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ wá ti kú sábẹ́ rẹ̀. Màlúù tí kò bá rí koríko á rí oko olóko. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ti gígé rẹ̀, níbi tí owó àwa oníṣòwò ti wọlé. A dá owó jọ, a fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ fún àwọn apẹja wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gé e, nítorí omi kéré nígbà náà, iṣẹ́ sì rọrùn. Wọ́n gé e kúrò lójú omi, ojú ọ̀nà mọ́ rekete, a ya fọ́tò. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kachalla ti ga dé èjìká.

Bàbá apẹja wa yìí kò bá wọn lọ. Ó ní kí a dúró di ìgbà tí omi bá ń kún bọ̀, kí a rì àdá sínú omi, kí a gé e nísàlẹ̀ pátápátá. Ìdí tó wà nínú ẹrẹ̀, ara igi rẹ̀ tó yọ sókè ló ti ń mí. Bí a bá gé e lábẹ́ omi, tí omi sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò ní rí afẹ́fẹ́, á jẹrà. Iṣẹ́ náà le. Omi á mu ènìyàn dé àyà, eṣúṣú á máa fà á lẹ́sẹ̀, ejò kò sì jìnnà. Owó tí àwọn ọ̀dọ́ béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, àwọn kan nínú wa sì bínú jáde nínú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀ ṣì là nígbà tí omi ọdún kejì dé.

Mo ti rí ti katapílà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, mo gbà, ó ń wú gbòǹgbò. Ẹrẹ̀ tó bá wú, etí odò níbẹ̀ náà ló ń kó o jọ sí. Òjò á rọ̀, ẹrẹ̀ á padà sínú odò, gbòǹgbò á sì bá a padà. Iṣẹ́ àgbàṣe mìíràn á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan sì ń kọ́ àwọn obìnrin láti fi kachalla ṣe èédú ìdáná. Ó dára, ó ń dín igi tí à ń gé kù, àwọn kan sì ń rí owó iyọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo ààrò Yobe bá ń fi í dáná, koríko náà á ṣì máa hù ju bí wọ́n ṣe ń sun ún lọ.

Ojú géètì dáàmù ni mo wò pé ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tú omi sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu lásìkò òjò, kó bá ìkún odò Jama'are pàdé, kó ya bo ilẹ̀ bó ṣe ń ṣe rí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tì í, kí ojú odò gbẹ dáadáa láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe orí mi ló ti jáde o, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ omi ti dá a lábàá. Mo sì mọ ẹni tí yóò pa lára. Àwọn àgbẹ̀ etí odò Hadejia ti fi ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gbin àlìkámà, àlùbọ́sà àti ata, wọ́n ti fi kọ́lé, wọ́n ti fi gbéyàwó. Bí wọ́n bá ti géètì, ta ni yóò sanwó fún wọn? N kò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yìí, títí dìgbà tí wọ́n bá sì dáhùn rẹ̀, kò sí olóṣèlú tí yóò fọwọ́ kan géètì náà.

Odò Jama'are ni kò tíì ní irú dáàmù ńlá bẹ́ẹ̀ lórí, òun ló sì jẹ́ kí ìkún omi ṣì máa ń wá. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dáàmù Kafin Zaki lórí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá a dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún máa ń jáde bí ìdìbò bá ń bọ̀. Bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, màá fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí ètò gígé kachalla tuntun. Wọ́n ka iye katapílà fún wa, iye epo dísẹ̀lì, iye ọ̀dọ́ tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Mo nawọ́, mo béèrè ẹni tó wá síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí géètì dáàmù. Wọ́n ní àwọn ti kọ lẹ́tà sí wọn. Mo béèrè oṣù tí gígé náà máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní oṣù kejì, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ ná owó náà tán kó tó di pé wọ́n dá a padà. Bàbá apẹja wa jókòó tì mí. Ó ní bí mo bá dé Kano, kí n bá òun ra àdá bọ̀, èyí tó gùn lápá, òun àti àwọn ọmọ òun yóò gé tiwọn nígbà tí omi bá dé.